Ohùn Ògì

Hóró ṣúgà mẹ́rin ni mo máa ń jù sínú tíì,
mẹ́rin sínú ògì, márùn-ún bí òjò bá ń rọ̀.
Màámi a ní, "Ọmọ èèrà ni mo bí,"
a ó sì jọ rẹ́rìn-ín.

Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta mi pé lọ́jọ́ Ajé;
nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mo wà ní Adéọ̀yọ́.
Nọ́ọ̀sì Fọlákúnmi gún mi níka,
ẹ̀rọ pẹlẹbẹ ọwọ́ rẹ̀ ronú díẹ̀, ó ní pín-ín.
"Bàbá, ẹ ò tíì wọlé àtọ̀gbẹ o,
àmọ́ ọwọ́ yín ti wà lára ilẹ̀kùn."
Mo wẹ̀yìn wò, bóyá bàbá ẹlòmíì ló ń bá wí.

Bàbá tèmi ni mo rí.
Ẹ̀yìnkùlé wa ní Ọjàaba,
ibi tí wọ́n bá tọ̀ sí lóru,
kílẹ̀ tó mọ́, èèrà á ti tò síbẹ̀ lọ rẹrẹ.
Lẹ́tà ni wọ́n ń kà.
Àwa tí wọ́n kọ lẹ́tà náà sí ni ò mọ̀ ọ́n kà,
títí ìka ẹsẹ̀ méjì fi lọ,
títí ojú ọ̀tún fi ṣú bí ìrọ̀lẹ́ oṣù Òkúdù.

Iṣẹ́ rédíò ni mò ń ṣe, ní Mọ́kọ́lá, nítòsí bíríìjì.
Rédíò tó bá ń pariwo, a kì í já wáyà rẹ̀,
etí rẹ̀ la máa ń yí, díẹ̀, díẹ̀.
Mo yí mẹ́rin sí mẹ́ta. Oṣù kan.
Mo yí mẹ́ta sí méjì. Orí fọ́ mi, inú bí mi,
mo bú oníbàárà kan nítorí bátìrì.
Móríyìíkẹ́ gbé páálí ṣúgà sórí kọ́bọ́ọ̀dù;
ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi àpótí gùn ún, n ò ní í purọ́.
Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Ẹ̀bà mi tó tó orí ọmọ ọdún kan
ti di ìkúùkù mi báyìí.
Ẹ̀fọ́ àti ẹja ni mo kọ́kọ́ ń jẹ,
kí ẹ̀bà tó dé bí àlejò tó pẹ́ lọ́nà,
tó bá ilé tó ti kún.

Láníhùn rẹ́rìn-ín, ìgò mínírà tútù ń làágùn lọ́wọ́ rẹ̀:
"Nǹkan kan ni yóò sáà pa èèyàn!"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni,
àmọ́ kó bá ìka ẹsẹ̀ mi ní mẹ́wàá.

Láàárọ̀, láti Yemẹ́tu, mo ń gun Òkè Ààrẹ.
Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, òkè àárẹ̀ ni mo pè é,
orúnkún mi ń ké bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.
Báyìí, mo ń dé ìdí Láyípo kí oòrùn tó yọ,
kí n lè rí àwọn páànù tó ti dípẹtà,
àdúgbò lórí àdúgbò,
èéfín ààrò kan níbí,
àkùkọ kan lọ́hùn-ún tó pẹ́ kó tó kọ.
N ò lọ wá nǹkan ńlá kankan níbẹ̀. Mo kàn ń mí.

Sátidé tó kọjá: ògì bàbà, láìsí hóró kan.
Ó kan. Mo gbé ṣíbí kalẹ̀, mo tún gbé e.
Lábẹ́ kíkan náà, ohùn kan wà:
aṣọ asẹ́ tí wọ́n ń fún lóru,
àti omi kíkan tí Màámi ń pè ní omidùn.
N ò bi í léèrè rí, kí ló dùn níbẹ̀.
Àádọ́ta ọdún ni mo fi ṣúgà bò ó lẹ́nu.

Oṣù tó ń bọ̀, Fọlákúnmi yóò tún gún mi níka.
Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀.
Hóró tó ṣẹ́kù nínú páálí, mo dà á sẹ́yìnkùlé.
Èèrà ti dé kí n tó nàró.